Ọjà tà ju bí a ṣe rò lọ, síbẹ̀ èrè lọ sílẹ̀: ta ni kí n bá wí?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó pe àwọn òṣìṣẹ́ mi jọ.

Àga onípákó là ń ṣe. Kí sáà tó parí yìí tó bẹ̀rẹ̀, a jókòó ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì. A ní a máa ta àga 1,000, ẹyọ kan ní 50. (Mi ò kọ orúkọ owó kankan sí i, nọ́ńbà lásán ni mo lò kí ìṣirò lè rọrùn.) Àga kan máa gba pákó 4, pákó kan jẹ́ 5. Ó máa gba iṣẹ́ wákàtí 2, owó òṣìṣẹ́ fún wákàtí kan sì jẹ́ 4. Owó ilé, owó ẹ̀ṣọ́, owó oṣù àwọn tó wà ní ọ́fíìsì àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ tó dúró sójú kan jẹ́ 12,000. Èrè tí à ń retí jẹ́ 10,000.

Lẹ́yìn tí a ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí tán, a dín owó àga sí 47 kí ọjà lè yá. Ó yá lóòótọ́, àga 1,200 la tà. Inú gbogbo wa ń dùn títí akáńtà fi gbé ìwé dé. Èrè 6,000 péré! Bí ìwé náà ṣe rí nìyí, bọ́jẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló tẹ̀ lé e:

Owó ọjà: 50,000 / 56,400
Pákó: 20,000 / 27,720
Owó iṣẹ́: 8,000 / 10,080
Ìnáwó tó dúró sójú kan: 12,000 / 12,600
Èrè: 10,000 / 6,000

Ẹ wo pákó yẹn, ó fi 7,720 ju ohun tí a là sílẹ̀ lọ. Owó iṣẹ́ náà fi 2,080 jù ú. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni méjèèjì wà, ìyẹn ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa. Mo ti ń rò ó pé kí n dá ajẹmọ́nú rẹ̀ dúró. Ṣé mo tọ̀nà?

Ìbéèrè kejì: oníbàárà kan fẹ́ ra àga 300 lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ 38 ló fẹ́ san lórí ẹyọ kan. Akáńtà ní 42 ni àga kan ń ná wa, pé àdánù ni. Ṣé kí n dá a padà?

Akáńtà kan dáhùn:
Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ajẹmọ́nú ẹni ẹlẹ́ni. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń wọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín, ti àga 1,000 ni. Àga 1,200 ló ṣe. Ta ló lè ṣe àga 200 lé sí i láìlo pákó sí i?

Kí ẹ tó fi ohunkóhun wéra, ẹ tún bọ́jẹ́ẹ̀tì náà kọ fún àga 1,200, kí ẹ má yí iye kankan padà nínú ohun tí ẹ ti fẹnu kò sí. Owó ọjà á di 60,000, pákó á di 24,000, owó iṣẹ́ á di 9,600. Ìnáwó tó dúró sójú kan kò ní kúrò ní 12,000, torí onílé kò ní gbowó sí i nítorí pé ọjà yín tà. Èrè á wá jẹ́ 14,400.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin rò pé 4,000 lẹ̀ ń wá, ìyẹn 10,000 tó di 6,000. Àga 200 tó lé yẹn ti mú 4,400 wá fún yín. Owó tó sọnù jẹ́ 8,400, òun ló sì yẹ kí a wá lọ. Ẹ bá mi wò ó nínú ìwé: pákó mélòó lẹ lò, èló lẹ rà á? Wákàtí mélòó làwọn òṣìṣẹ́ fi ṣiṣẹ́?

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, sà. Pákó 5,040 la lò, 5.50 la ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 2,520 ni wọ́n ṣe. Owó wákàtí kò yí padà, 4 náà ni.

Akáńtà kan náà:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àga 1,200 yẹ kó gba pákó 4,800. 240 lé, ní 5 ìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,200. Ìyẹn ni mo lè pè ní ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n 0.50 tó gorí pákó 5,040 jẹ́ 2,520, ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò sì mọ nǹkan kan nípa ìyẹn àfi tó bá jẹ́ òun ló ń lọ rà á. Wákàtí 120 lé, ìyẹn 480. Ìnáwó tó dúró sójú kan fi 600 kọjá. Owó tí ẹ dín lórí àga, 3 lọ́nà 1,200, jẹ́ 3,600.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 3,600, 2,520, 1,200, 480, 600. Ó pé 8,400 géérégé.

Nínú 9,800 tí ẹ fẹ́ kà sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ lọ́rùn, 5,600 jẹ́ ti àga tó lé, iṣẹ́ tó dáa nìyẹn. 2,520 jẹ́ ti owó pákó tó gòkè. Ohun tó kù tí ẹ lè bi í jẹ́ 1,680. Mo sì lo "bi í" o, mi ò ní ẹ bá a wí. Ìṣirò máa ń sọ ibi tí a ó ti béèrè ọ̀rọ̀ fún wa, kì í sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Káfíńtà kan dáhùn:
Ohun tí ọ̀gá akáńtà sọ kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Pákó ṣòfò, wákàtí náà lé, nínú sáà kan náà. Níbi iṣẹ́ wa, tí méjèèjì bá jọ dé, pákó la kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò kí a tó yẹ ọwọ́ ẹnikẹ́ni wò. Pákó tí kò gbẹ dáadáa máa ń ká, ó máa ń sún kì. Ẹ ti gé e, ẹ ti fá a, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan oríkèé rẹ̀ á ṣí. Ẹ ó tú u, ẹ ó gé òmíràn, ẹ ó tún un tò. Ìyẹn ti jẹ pákó, ó sì ti jẹ wákàtí. Pákó tí a ó fi ṣe àga inú ilé, omi inú rẹ̀ sábà máa ń yẹ kó wà láàárín ìdá 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Tí pákó bá sì ti ń wọ́n, àwọn tó ń tà á máa ń kó èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là jáde. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń rajà yín pààrọ̀ ibi tó ti ń rà á. Ó ṣeé ṣe kí 2,520 àti 1,680 yẹn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Olùbéèrè:
Háà. Ẹni tó ń rajà wa yí ibi tó ti ń ra pákó padà lóòótọ́, torí pé ẹni tó ń tà á fún wa tẹ́lẹ̀ kò ní pákó tó pọ̀ tó bí a ṣe fẹ́. Mi ò tiẹ̀ so méjèèjì pọ̀.

Oníṣòwò kan dáhùn:
Gbogbo yín ti dojú kọ pákó, 3,600 ló tóbi jù níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ẹ̀dínwó yẹn tọ́.

Bí ẹ bá yọ owó pákó àti owó iṣẹ́ kúrò nínú owó àga kan, ẹ jẹ́ ká pe ohun tó kù ní àṣẹ́kù. Òun ló ń san owó ilé, òun náà ló ń di èrè. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àṣẹ́kù jẹ́ 22. Ẹ fi 3,600 sílẹ̀, ẹ rí àga 200 sí i tó mú 4,400 wá, nítorí náà ẹ jèrè 800. Lórí ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dínwó yẹn dáa.

Ṣùgbọ́n àga kan kò ná yín ní 28 mọ́. Pákó ti di 23.10 lórí àga kan, owó iṣẹ́ 8.40, àpapọ̀ 31.50. Ní 47, àṣẹ́kù jẹ́ 15.50, lọ́nà 1,200 ó jẹ́ 18,600. Ká ní ẹ fi í sí 50 tí ẹ ta 1,000 péré, 18.50 lọ́nà 1,000 jẹ́ 18,500. Gbogbo làálàá àga 200 yẹn, ìdúró títí alẹ́, ìkẹ́rù, ìbéèrè oníbàárà, 100 péré ló fi mú wá! Bí àga 1,006 bá lè tà ní 50, 50 ló sàn jù fún yín báyìí.

Tẹ́lẹ̀, tí àga 546 bá ti tà, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Báyìí, ó di 813. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí tí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀ ní sáà kan péré, kò sí ààyè tí ẹ ó fà sẹ́yìn sí.

Ẹlòmíràn dáhùn:
Èmi kì í da ara mi láàmú tó báyìí. Mo máa ń wo iye tó ná mi, màá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó parí. Bí 42 bá ni, ẹ tà á ní 50.40.

Akáńtà àkọ́kọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, nǹkan méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìdá 20 lórí ìnáwó kì í ṣe ìdá 20 nínú owó ọjà. 8.40 nínú 50.40 kò tó ìdá 17. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdá 20 nínú owó tó wọlé jẹ́ èrè, 52.50 ló máa ta àga oní-42. Mo ti rí i tí èyí da bọ́jẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ èèyàn rú.

Èkejì ló le jù. 10.50 nínú 42 yẹn jẹ́ ìpín àga kan nínú 12,600. Bí ọjà bá lọ sílẹ̀ sí 900, ìpín yẹn á di 14, àga á di 45.50 lórí ìwé. Bí ẹ bá torí ẹ̀ fowó lé e, oníbàárà á tún dínkù, ìpín á tún gòkè. Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀rọ̀ yìí ní 1772. Nígbà tí ọjà dá gùdẹ̀, ó jókòó ti ìwé ìnáwó rẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í yí padà, yálà ó ṣe ìkòkò púpọ̀ tàbí díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Toyota gba ọ̀nà mìíràn. Iye tí oníbàárà máa san ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ èrè, ohun tó kù ni ìnáwó kò gbọ́dọ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ 47 ni ọjà gbà, tí ẹ sì fẹ́ ìdá 20, ìnáwó kò gbọ́dọ̀ ju 37.60 lọ. Ẹ wà ní 42. Tí pákó bá padà sí 4 lórí àga ní 5, tí wákàtí padà sí 2, ẹ ti rí 3.50. 0.90 ló kù tí ẹ ó wá.

Olùbéèrè:
Ó yé mi. Àga 300 yẹn ńkọ́? Ṣé 42 ni kí n fi wọ̀n ọ́n àbí 31.50? Àga 1,400 ni ibi iṣẹ́ wa lè ṣe ní sáà kan, kò lè jù bẹ́ẹ̀.

Oníṣòwò kan náà:
1,400 tí ẹ sọ yẹn ni ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Bí ààyè bá wà fún gbogbo 300, 38 yọ 31.50 jẹ́ 6.50, ẹ ó rí 1,950 tí ẹ kò ní rí tẹ́lẹ̀. Àdánù kọ́ nìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà yín ti ń gba 1,200, ààyè 200 ló kù. Láti ṣe 300, ẹ ó já àga 100 gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń san 47, ẹ ó sì pàdánù 1,550 lórí ìyẹn. Ohun tó máa kù nínú 1,950 jẹ́ 400. Iye tí ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ lórí 300 jẹ́ 36.67, ó sì sún mọ́ 38 jù fún mi. Bí àwọn tó ń san 47 bá gbọ́ ńkọ́?

Ẹ fún un ní 200 ní 38. 1,300 lẹ ó rí, ẹ kò sì ní já ẹnikẹ́ni kulẹ̀.

Akáńtà àkọ́kọ́:
Mo fara mọ́ ọn. Kí n kàn gbèjà akáńtà wọn díẹ̀: ó ní ibi tí a ti ń lo irú nọ́ńbà tó mú wá. Ìlànà ìṣirò àgbáyé IAS 2 ní kí ìpín nínú ìnáwó ibi iṣẹ́ tó dúró sójú kan wọ inú iye ọjà tó wà nílẹ̀, kí a sì fi ìwọ̀n iṣẹ́ tí a máa ń ṣe lásìkò tí nǹkan lọ déédéé pín in. Àmọ́ owó oṣù ọ́fíìsì kì í wọ ibẹ̀, nítorí náà 42 ti pọ̀ jù fún ìyẹn pàápàá. Fún ìwé ọdọọdún nìyẹn. Ìpinnu lórí oníbàárà kan, ohun tó máa yí padà nítorí rẹ̀ nìkan la máa ń wò.

Ọ̀gá mi, 600 tí ìnáwó tó dúró sójú kan fi kọjá yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi yín.

Olùbéèrè:
Owó ẹ̀ṣọ́ ni. A dá ẹnì kan kún wọn nígbà tí pákó tó wà nílẹ̀ pọ̀ sí i. Yóò wọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀.

Mo ti kọ̀wé sí oníbàárà yẹn pé 200 la lè ṣe ní 38, àti pé tó bá fẹ́ 100 tó kù, kó jẹ́ kó di sáà tó ń bọ̀. Ó ní òun á dá mi lóhùn. Ọ̀la, èmi àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ á jọ lọ wo pákó tó wà nílẹ̀ kí a tó sọ nǹkan kan nípa ajẹmọ́nú. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀rọ tí ẹ ní wọ́n fi ń wọn omi inú pákó yẹn, ṣé ojú pákó nìkan ló ń wọ̀n, àbí ó ń dé inú?

Káfíńtà kan dáhùn:
Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ méjì tí ẹ ó gún sínú pákó, ibi tí abẹ́rẹ́ náà bá dé ló ń wọ̀n. Èkejì, ẹ kàn máa gbé e lé ojú pákó. Oní-abẹ́rẹ́ ni kí ẹ rà. Ẹ gé pákó kan láàárín, kí ẹ gún ojú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé yẹn, torí etí pákó máa ń gbẹ ṣáájú inú rẹ̀. Ẹ yẹ bíi mẹ́wàá wò láti oríṣiríṣi ibi nínú òkìtì náà, ẹ má mú ti òkè nìkan.