Ọwọ́ ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn ò yá: ṣé họ́mọ̀nù ni?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi lọ́dún tó kọjá, apá òsì ló mú. Ẹni ọdún 52 ni wọ́n. A dúpẹ́, ọwọ́ ti ń gbé nǹkan, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀rọ̀ wọn sì já gaara. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé wọ́n á jẹun àárọ̀ tán, kí n tó palẹ̀ abọ́ mọ́, wọ́n ti tún sùn lọ. Òtútù ń mú wọn nígbà tí gbogbo wa ń làágùn. Oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ, èébì ń gbé wọn, bí wọ́n bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ wọn. Irùngbọ̀n wọn ò hù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ti yàrá ńkọ́? Kò sí nǹkan kan láàárín wa láti ìgbà náà, kò sì jọ pé ó ń wù wọ́n.

Àwọn ẹbí ń sọ pé ìmẹ́lẹ́ ni, pé mo ń kẹ́ wọn jù. Ẹnìkan ládùúgbò ní họ́mọ̀nù ọkùnrin ló lọ sílẹ̀, pé òun lè bá wa ra abẹ́rẹ́ testosterone. Ṣé rọpárọsẹ̀ máa ń da họ́mọ̀nù rú lóòótọ́? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gún wọn?

Bàbá Ìjẹ̀bú
Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú. Rọpárọsẹ̀ mú èmi náà rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọkọ yín ní ọ̀lẹ. Àárẹ̀ tó máa ń tẹ̀lé àìsàn yìí kì í ṣe èyí tí oorun ń mú kúrò. Mo máa ń jókòó sinmi lẹ́yìn tí mo bá wẹ̀ kí n tó lè wọṣọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìyá Ìbejì, ẹ má gún abẹ́rẹ́ kankan o. Lóòótọ́ ni rọpárọsẹ̀ lè da họ́mọ̀nù rú, ìyẹn àwọn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti darí iṣẹ́ ara. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, kókó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní pituitary, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń pàṣẹ fún thyroid tó wà lọ́rùn, fún àwọn kókó orí kíndìnrín tó ń ṣe cortisol, họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ kí ara lè fara da àìsàn, fún kóró ẹpọ̀n ọkùnrin àti ilé ẹyin obìnrin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya sínú ọpọlọ, tàbí tí ọpọlọ wú, àṣẹ yẹn lè má dé ibi tó ń lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì tí ẹ kà yìí lè jẹ́ cortisol, ó lè jẹ́ thyroid, ó lè jẹ́ sodium, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Testosterone kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú wọn. Àìsàn ńlá èyíkéyìí lè mú un lọ sílẹ̀, ó sì lè gbéra padà fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò sodium àti ṣúgà kíá, bó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ lónìí. Cortisol, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ti thyroid, ẹ ní kí wọ́n ṣe TSH (họ́mọ̀nù tí pituitary fi ń pàṣẹ fún thyroid) àti free T4 (họ́mọ̀nù tí thyroid fúnra rẹ̀ ń ṣe) papọ̀, torí bó bá jẹ́ pé pituitary ló ń ṣàìsàn, TSH nìkan lè dà bí ẹni pé kò sí wàhálà. Bí cortisol àti thyroid bá jọ lọ sílẹ̀, cortisol ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú. Oògùn thyroid tó bá ṣáájú lè fi ẹ̀mí ẹni náà sínú ewu.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Ẹ má bínú, bó bá jẹ́ iyọ̀ ló lọ sílẹ̀, ṣé kí wọ́n fi kún iyọ̀ ọbẹ̀ wọn ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Rárá o, ìyá mi. Lọ́pọ̀ ìgbà, iyọ̀ ò tán lára, omi ló pọ̀ jù ú lọ. Ọpọlọ tó fara pa lè máa tú họ́mọ̀nù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi dúró, omi á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dà bí èyí tó kéré. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé iyọ̀ gan-an ni kíndìnrín rẹ̀ ń dà nù. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì ta kora: ti àkọ́kọ́, wọ́n á dín omi mímu kù, ti èkejì, wọ́n á fi omi àti iyọ̀ kún un. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ló lè fi ìyàtọ̀ hàn. Iyọ̀ ọbẹ̀ kàn máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sókè ni.

Apòògùn, Òṣogbo
Oògùn wo ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru? Hydrochlorothiazide àti indapamide máa ń fa sodium wálẹ̀. Spironolactone lè mú kí ọyàn ọkùnrin wú. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín o, ẹ kó gbogbo páálí rẹ̀ lọ fún dókítà. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n lo ẹ̀tù tàbí kápúsù ara ríro tí kò lórúkọ. Àwọn kan ń po dexamethasone tàbí prednisolone mọ́ ọn, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol. Ara á ti gbára lé e, àwọn kókó orí kíndìnrín á sùn, lọ́jọ́ tí oògùn bá tán, cortisol ò ní sí. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ wa nìyí, torí ẹni tó ń lò ó ò mọ̀ pé òun ń lò ó.

Àbúrò, Ìlọrin
Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin ńkọ́? Ẹni ọdún 34 ni mí, nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Mo sì fẹ́ lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àbúrò, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò oyún, lẹ́yìn náà prolactin, họ́mọ̀nù tó ń mú omi ọyàn wá, àti thyroid. Ẹ sá fún oògùn tó ní estrogen, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, nínú, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ béèrè nípa kọ́ìlì onícopper tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ láti dènà oyún.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. A ti lọ. Sodium wọn jẹ́ 124, dókítà ní 135 sí 145 ló yẹ kó jẹ́. Wọ́n ti dá wọn dúró sí ọsibítù. Hydrochlorothiazide wà nínú oògùn wọn, wọ́n ti yọ ọ́. Mo tún rí ọ̀rá ẹ̀tù ara ríro lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, tí ẹbí kan gbé wá, ó sì ti tán. Mo kó ọ̀rá náà fún dókítà. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ fún cortisol.

Ọmọ Èkìtì ní Manchester
Mo bá yín yọ̀ pé ẹ tètè lọ. Pituitary màmá mi bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ wọn, hydrocortisone, ìyẹn cortisol tí wọ́n ṣe sí oògùn, ni wọ́n ń lò. Bó bá jẹ́ pé cortisol ló lọ sílẹ̀, oògùn náà kò gbọdọ̀ tán nílé. Bí ibà bá dé, dókítà máa ń ní kí wọ́n lò ó ní ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá ń bì í, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ni, kí ẹ má dúró. Níhìn-ín, NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, ní káàdì kan tí màmá ń gbé kiri, tó sọ pé wọ́n ń lo sítẹ́rọ́ìdì. Ẹ kọ irú rẹ̀ sínú ìwé, kí ó wà nínú àpò wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí sodium gòkè díẹ̀díẹ̀ bí dókítà ṣe fẹ́, ẹ má bínú pé ó ń pẹ́. Bó bá yára jù, ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Tó bá ti dúró dáadáa, tí cortisol náà sì ti ní ìdáhùn, ẹ wá ní kí wọ́n yẹ testosterone wò láàárọ̀.