Ọjọ́ méjì ní Hallstatt: ibo ni ká kọ́kọ́ lọ?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Hallstatt, abúlé kékeré tí òkè àti adágún há sáàárín ní Ọ́stríà. Ọjọ́ méjì péré la ní. Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu, àmọ́ ẹ má sọ pé kí wọ́n jókòó sílé, wọn ò ní gbà.

Ihò ìwakùsà iyọ̀ ló wù mí jù. Nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń wa iyọ̀ níbẹ̀, iyọ̀ náà kò sì jẹ́ kí igi jẹrà: àtẹ̀gùn onígi kan wà nínú rẹ̀ tó ti lé ní 3,000 ọdún! Ṣùgbọ́n mo rí i nínú fídíò pé orí igi gbọọrọ làwọn àlejò ti ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ọmọdé. Ṣé ọ̀nà míì wà fún ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ilé egungun tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, tí wọ́n to agbárí èèyàn sí, tí wọ́n ya òdòdó àti ewé sí níwájú orí. Màmá ní àwọn ò bá òkú ṣeré, èmi nìkan ni màá wọ ibẹ̀.

Ihò yìnyín tó wà nínú òkè Dachstein, nítòsí Hallstatt, ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, báwo ni ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn téèyàn bá sọ̀ nínú ọkọ̀ orí wáyà?

Ibùdókọ̀ ojú irin wà lódìkejì adágún, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn sọdá. Tá a bá dé lálẹ́ ńkọ́?