Ta ló sọ wọ́n di "aláìlájẹsára"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Mo ka iṣẹ́ tí àbúrò wa onítumọ̀ fi ránṣẹ́ lánàá, níbi tó ti ní ká máa pe àìsàn tí Neoehrlichia mikurensis, bakitéríà kan tí eégbọn ń gbé kiri, ń fà sára ẹni tí ààbò ara rẹ̀ kò lágbára mọ́ ní "àrùn àteégbọnwá àwọn aláìlájẹsára". Ó ṣiṣẹ́, mi ò purọ́. Àmọ́ orúkọ yẹn ò ṣeé gbé mì.

"Àteégbọnwá" ò bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu á mọ́ ọn bó bá yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ohun tí "ibà eégbọn" ṣe fún un. Ṣebí eku ló ń kó ibà Lásà ranni, a ò pè é ní àtekuwá.

"Aláìlájẹsára" gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo "aláìlọ́mọ". Ẹ wo "aláìníbaba". Ta ló jẹ́ aláìníbaba ní ìlàjì rí? Bí "àì" bá ti pàdé "ní", kì í ṣẹ́ nǹkan kan kù: kò sí ni kò sí. Ẹni tí wọ́n wá ń fún ní rituximab ńkọ́? Irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, sẹ́ẹ̀lì B, ni oògùn yẹn ń pa. Sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀, irú mìíràn tó ń dáàbò bo ara, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ààbò rẹ̀ dín kù, kò tán.

Nínú àìsàn yìí, ìwọ̀n yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú eku àti eégbọn erékùṣù Mikura ní Japan ni wọ́n ti rí bakitéríà yìí, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ní 2004. Ní 2010 ni àwọn dókítà Sweden kọ̀wé nípa ẹni àkọ́kọ́ tó kó o. Ó ń wọ ara ẹni tí ara rẹ̀ le koko, olúwarẹ̀ lè má tilẹ̀ mọ̀. Kó wá wọ ara ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹni tó ń lo oògùn tó ń tẹ ààbò ara rì nítorí làkúrègbé: ibà á máa lọ, á máa bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oríkèé á máa ro ó, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Wọ́n á gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àwo ní yàrá àyẹ̀wò, nǹkan kan ò ní hù, nítorí bakitéríà yìí kì í hù níbẹ̀. Àfi ẹni tó bá wá DNA rẹ̀ ló máa rí i. Dókítà á ní àìsàn àtijọ́ ló tún dìde. Pẹnisílínì ò ràn án. Oògùn doxycycline ló ń lé e jáde.

"Àjẹsára" fúnra rẹ̀ ńkọ́? À-jẹ-sí-ara. Ohun tí a jẹ ni. Ààbò tí a bí mọ́ni, ta ló jẹ ẹ́? Ẹ jẹ́ ká wí pé "ẹni tí ààbò ara rẹ̀ ti dẹ̀". Ó gùn, mo gbà.

Nǹkan kan ṣì kù. Ẹ pe bakitéríà ní kòkòrò, ẹ tún pe eégbọn ní kòkòrò: èwo ló wá gbé èwo? Ìyá ìyá mi a máa ká eégbọn lára ajá sínú agolo kẹrosíìnì. Ibi tó ti bu awọ jẹ gan-an ni wọ́n ń dì mú, kí ẹnu rẹ̀ má baà já kù síbẹ̀. Mi ò gbọ́ kí wọ́n pè é ní kòkòrò lọ́jọ́ kan.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. "Aláìlera" ńkọ́? Ó ṣì ń jẹun, ó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. "Àì" kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òfo.

* * *

Àbúrò, "lera" ò ní "ní" nínú. "Le ara" ni. "Ní" ni mo ń bá jà, ẹ tún ohun tí mo kọ kà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní mọ́fímù, ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀, kí ọ̀pọ̀ yín tó mọ a-b-d.

* * *

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ àgbà. "Aláìlágbára" ńkọ́, sà? "Ní agbára" wà níbẹ̀ gedegbe. Bàbá àgbà tí gbogbo ilé ń pè bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbá ọmọ létí. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ọjọ́ orí dá wa lóhùn, "ní" kan náà ni.

"Ibà eégbọn" dùn lẹ́nu, àmọ́ kì í ṣe ti Sweden nìkan. Eégbọn màlúù ilẹ̀ wa náà ń gbé bakitéríà mìíràn, Rickettsia africae, ibà ni òun náà ń dá síni lára, ó sì máa ń sọ ojú ibi tó bunijẹ di éépá dúdú. Bí ẹ bá ti fi orúkọ yẹn ta Neoehrlichia lọ́rẹ tán, kí la ó máa pe tiwa?