Kí la ó pe ẹ̀tù àti ọta tí wọ́n dì sínú bébà? Àbá kan láti Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ nípa ìbọn àtijọ́ ní àwọn kò rí orúkọ fún ẹ̀tù àti ọta tí àwọn ọmọ ogun máa ń dì pọ̀ sínú bébà, ẹyọ kan fún ìgbà kan tí wọ́n bá yìnbọn, kí kátíríìjì onídẹ tó dé. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: ọta bébà, àdó oníwèé, ìdì ẹ̀tù. N kò lè gba ti àkọ́kọ́ rárá. Owó bébà, bébà ni. Ìlẹ̀kùn irin, irin ni. Ọmọ tó bá ka "ọta bébà" á rò pé bébà ni wọ́n ń yìn lu èèyàn, bẹ́ẹ̀ òjé ni ọta náà.

Àdó oníwèé dùn létí. Àdó ni ọdẹ ń rọ ẹ̀tù sí, òun náà la sì yá fún àdó olóró. Méjì wà lára ògiri bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n àdó kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ọdẹ á da ìwọ̀n tó fẹ́ nínú rẹ̀, á dé e, á tún gbé e kọ́. Èyí tí à ń wí yìí, wọ́n á ya á, ó parí. Ìdì ẹ̀tù sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ọta sọnù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ó gé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ká a mọ́ igi róbótó kan tó ń dán, ó ti ọta sí ìdí rẹ̀, ó fi òwú so ó, ó yọ igi, ó rọ ẹ̀tù sí i, ó wá lọ́ ìyókù bébà bí ìrù. Ká, so, rọ, lọ́: kò sí èyí tó kó gbogbo iṣẹ́ náà já nínú wọn, àfi dì. Èmi ò sì mọ ibi tí dì ti dára ju inú àdìrẹ lọ. Ìlú aró ni Òṣogbo tí mo ń gbé. Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ oníko máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró èso sínú aṣọ, wọ́n á fi ìko so ó le dan-in dan-in kí aró má baà wọ ibẹ̀. Òkúta nínú aṣọ, ọta nínú bébà. Ìko lọ́hùn-ún, òwú níbí. Ìgbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà sọ sí mi lọ́kàn. Àdìrẹ: ohun tí a dì, tí a sì rẹ. Tí a bá dì í, tí a wá kì í sínú ìbọn ńkọ́? Àdìkì.

"Mo ti ki ìbọn" ni àwọn ọdẹ ń wí. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà: ẹ̀tù, àkísà, ọta, wọ́n á fi ọ̀pá gún un wọlé. Ìbọn Enfield ti 1853, ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀gbọ́n ń kọ nípa rẹ̀, ẹnu náà ni. Ọmọ ogun á fi eyín ya ìrù bébà, á da ẹ̀tù sínú ìbọn, á wá ki ọta tẹ̀lé e, tòun ti bébà ọlọ́ràá tó wà lára rẹ̀. Ọ̀rá yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Nígbà tí ìròyìn tàn láàárín àwọn ọmọ Íńdíà tó ń ṣe ọmọ ogun fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni, èèwọ̀ ni ti màlúù fún ẹlẹ́sìn Híńdù, èèwọ̀ ni ti ẹlẹ́dẹ̀ fún Mùsùlùmí, ó sì wà lára ohun tó dá ọ̀tẹ̀ ńlá ọdún 1857 sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọ̀rá náà á kan ẹnu àwọn. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "ó ṣí àdìkì". "Ó fi eyín ya á" ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹnìkan á ní ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ti tìbọn Dreyse bọ̀ ọ́, èyí tí àwọn ará Prussia, ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, gbà ní 1841, bébà náà sì ni wọ́n fi dì í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àjẹ̀ la fi ń wa ọkọ̀ látijọ́. Lónìí à ń wa ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Ìbàdàn láìkan omi. Kì náà lè gbòòrò bẹ́ẹ̀. Ní ti onídẹ, kátíríìjì ti mọ́ àwọn ọdẹ lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ sì lè ní àdìkì kò dárúkọ bébà, kò dárúkọ ẹ̀tù. Àdìrẹ dárúkọ aṣọ bí?

Ó ku "ẹ̀tù dúdú" tí ẹ̀gbọ́n kọ. Mo mọ̀ pé ọṣẹ dúdú wà, torí ọṣẹ òyìnbó ti gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀tù kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Nílé ọdẹ, dúdú yẹn náà ni wọ́n mọ̀ sí ẹ̀tù. Èyí tí Paul Vieille ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1884, tí kì í rú èéfín púpọ̀, òun ni kẹ́ ẹ fún ní àpèlé, ẹ̀tù aláìléèéfín. Kẹ́ ẹ sì fàmì sí i dáadáa: ẹtù ni ẹyẹ, ẹtu ni ẹran, ẹ̀tù ni ọdẹ fi ń pa àwọn méjèèjì. Àdìkì ní tirẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.