Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó /var lọ sórí dísíìkì tuntun rí, kí lojú yín rí?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kẹ́yin náà wá kó tiyín sílẹ̀. (Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, /var ni fódà tí Linux máa ń kó dátà tó ń yí padà sí.)

Ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Sábọ̀, Ìkòròdú níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, àwọn tó ń tẹ ìwé ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, gbogbo ẹ̀ náà ṣá. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù pè mí, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè yà sọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ yìí tún ti ń sọ pé òun ti kún, ṣebí a ti ra dísíìkì ńlá sí i!" Server wọn yẹn, desktop àlòkù kan ni, SSD 120GB ló bá a wá, Ubuntu 22.04 ló wà lórí ẹ̀, fódà tí gbogbo wọn jọ ń kó iṣẹ́ sí látorí Windows, abẹ́ /var ló wà. Ẹni tó ń bá wọn tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ló bá wọn ra dísíìkì 1TB ní Computer Village, ó kó /var lọ síbẹ̀, ó gbowó iṣẹ́ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Mi ò bú u o, bí ọ̀pọ̀ àlàyé ṣe wí náà ló ṣe é: rsync (àṣẹ tó ń da fáìlì kọ), líìnì kan nínú /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ dísíìkì tí ẹ̀rọ máa so mọ́ fódà tó bá ń tan), ó parí.

Ohun tó tiẹ̀ ń bí màmá nínú ju ti àyè lọ ni pé iṣẹ́ kọ́sítọ́mà ń pòórá. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, tó bá dọ̀la wọn ò ní rí i mọ́. Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ti pa rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ á tún yọjú. Ọmọ iṣẹ́ kan ti ń sunkún torí wọ́n ti ń fojú burúkú wò ó pé òun ló ń kó iṣẹ́ lọ fún ṣọ́ọ̀bù òdìkejì.

Mo tẹ df -h, àṣẹ tó ń fi àyè dísíìkì hàn, ó ní / (ìyẹn SSD) ti lo 104GB nínú 109GB, 100% (ẹ má jẹ́ kí ìṣirò yẹn dà yín láàmú, ext4, ìlànà tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, máa ń fi 5% pamọ́ fún root, ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ). Mo wá tẹ sudo du -xsh /, èyí tó ń ro fáìlì orí SSD pọ̀, 17GB péré ló rí. Níbo ni 87GB tó kù wà? Mo kọ́kọ́ fura pé fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ tí prógírámù kan ṣì dì mú ni, mo fi sudo lsof +L1 wò ó, kò sí nǹkan gidi níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá sọ sí mi lọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá mount dísíìkì (ìyẹn kẹ́ ẹ so ó mọ́ fódà) sórí fódà tí nǹkan ti wà nínú ẹ̀, nǹkan yẹn ò lọ síbì kankan o, ńṣe lẹ kàn tẹ́ ẹní lé e lórí. ls ò ní rí i, du ò ní rí i, àmọ́ àyè tó gbà lórí SSD, ó ṣì gbà á. Bẹ́ ẹ ṣe máa yọjú wo abẹ́ ẹ̀ láì pa server nìyí:

sudo mount --bind / /mnt
sudo du -sh /mnt/var

--bind ni o, kì í ṣe --rbind, torí --bind kì í kó àwọn mount tó wà lórí dání, /var ti orí SSD gangan lẹ máa rí. 87GB jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọwọ́ ti ń yún mi kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo ní kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná, mo fi find pẹ̀lú -newermt wá fáìlì tí wọ́n kọ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kó /var lọ. Tó bá jẹ́ ẹrù àtijọ́ lásán ni, kò yẹ kí ìkankan jáde. Ẹ gbà mí! Bánà ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú bàbá àgbà kan ará Ìgbógbó, fìlà abetí ajá lórí, orúkọ àwọn ọmọ àtọmọọmọ ti pé sí ẹ̀yìn ìwé. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ló pòórá, ibẹ̀ ló wà.

Ẹ wá wo líìnì tí mo bá nínú fstab:

/dev/sdb1 /var ext4 defaults,nofail 0 2

sdb yẹn kì í ṣe orúkọ àbísọ, bí kernel (ọkàn Linux) bá ṣe rí dísíìkì sí nígbà tí ẹ̀rọ ń tan ló ṣe ń pín orúkọ. Ilé ìtẹ̀wé sì rèé, flash kọ́sítọ́mà kì í wọ́n lára ẹ̀rọ. NEPA á mú iná lọ, bátìrì UPS ti kú tipẹ́, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀rọ ti kú fin, wọ́n sì ti ṣètò BIOS ẹ̀ pé kó máa tan ara ẹ̀ tíná bá dé. Tí flash bá ṣì wà lára ẹ̀, ìgbà míì flash á gba sdb, dísíìkì á di sdc. Kò sí ext4 lórí flash, mount á kùnà, nofail á ní kò burú, ẹ máa lọ. Ni ẹ̀rọ bá máa tan pẹ̀lú /var àtijọ́ tó wà lábẹ́, tí Samba, prógírámù tó ń ṣí fódà fún àwọn Windows, á ṣí fódà àtijọ́ fún wọn, tí wọ́n á máa kó iṣẹ́ tuntun sí i. Tíná bá tún lọ, tó tún dé láìsí flash, dísíìkì á padà sáyè ẹ̀, iṣẹ́ àná á bọ́ sábẹ́.

Mo fi blkid wo UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) dísíìkì yẹn, mo fi rọ́pò /dev/sdb1, mo sì yọ nofail kúrò. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jiyàn, àmọ́ fún /var, èmi ò gbà á. Tí dísíìkì ò bá sí, kí ẹ̀rọ kọ̀ láti tan, kí wọ́n pè mí, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kó máa tọ́jú iṣẹ́ síbi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ lọ. Mo kó àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn padà sáyè wọn, mo wá pa èyí tó kù rẹ́ nínú /mnt/var (ẹ ṣọ́ra, /mnt/var ni mo wí o!), mo ṣe chattr +i sí fódà òfìfo yẹn kí nǹkankan má lè kọ sínú ẹ̀ mọ́, ìyẹn ò ní kí mount má bọ́ sórí ẹ̀. Mo umount /mnt, mo ṣe systemctl daemon-reload, findmnt --verify ò ráhùn. Mo wá ní kí wọ́n ki flash bọ gbogbo ojú ihò tó wà, mo reboot lójú gbogbo wọn. Màmá bẹ ọmọ iṣẹ́ yẹn, wọ́n tún ra Fanta tútù fún un.

Ìyá Ìbejì Agric

Ẹ kú iṣẹ́ bọ̀dá wa. Tèmi kì í ṣe /var lódindi, /var/lib/mysql nìkan ni, fódà tí MySQL, prógírámù dátàbéèsì, ń kó dátà sí, níléèwé aládàáni kan, èsì ìdánwò àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀. Mo dá MySQL dúró, mo fi rsync -aHAX kó o lọ sí /data/mysql lórí dísíìkì tuntun, mo yí datadir (ibi tí MySQL ti ń wá dátà ẹ̀), orúkọ oní-fáìlì pé, permission pé, MySQL fàáké kọ́rí, ó ní Permission denied. Ẹni tó bá ti lo Ubuntu pẹ́ á ti mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀, AppArmor ni, ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ fódà tí prógírámù lè fọwọ́ kàn, /var/lib/mysql ló mọ̀ ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá wo dmesg ẹ máa rí DENIED níbẹ̀ gbàgàdà. Àwọn kan á kàn pa AppArmor lápapọ̀, ẹ má dán an wò jàre. Ẹ lè kọ alias (orúkọ kejì fún fódà) sínú /etc/apparmor.d/tunables/alias, àmọ́ èmi ò fẹ́ fáìlì míì tí mo tún máa rántí lọ́jọ́ iwájú, mo dá datadir padà sí bó ṣe wà, mo wá kọ eléyìí sábẹ́ líìnì /data:

/data/mysql /var/lib/mysql none bind 0 0

Lójú MySQL, kò sóhun tó yí padà. Mi ò mount dísíìkì náà ní tààràtà sórí /var/lib/mysql torí fódà lost+found tí ext4 máa ń ní, MySQL ò fẹ́ àlejò nínú ilé ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Èmi ò tiẹ̀ kó nǹkankan o. Wọ́n pè mí láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Odogunyan, ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, ẹ̀rọ Debian wọn á dúró sí "A start job is running" fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, á wá ní emergency mode, á tún ní òun ò lè ṣílẹ̀kùn torí wọ́n ti ti root pa. Mo tẹ lẹ́tà e lójú GRUB, ojú ewé tó kọ́kọ́ ń yọ kí Linux tó tan, mo fi init=/bin/bash sí ìparí líìnì linux, Ctrl+X, mo ṣe mount -o remount,rw / mo sì ṣí fstab. Líìnì dísíìkì bákọ́ọ̀pù wà níbẹ̀, dísíìkì ò sí. Ọmọ ọ̀gá ló yọ ọ́, ó gbé e lọ fi wo fíìmù nílé. Èyí gan-an ni nofail wúlò fún, mo fi sí i. Dísíìkì ọ̀hún, wọn ò tíì dá a padà.