Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mílíìkì ọmọdé tó ti kọjá ọjọ́: owó mi ti padà

Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kan ta mílíìkì tó ti kọjá ọjọ́ fún mi, tí wọ́n lẹ bébà tuntun bo déètì rẹ̀, tí wọ́n tún ní àwọn kì í gba ọjà padà.

Lẹ́tà tí mo kọ sí ṣọ́ọ̀bù náà ló ṣiṣẹ́. Ariwo tí mo kọ́kọ́ pa ní káńtà ò mú nǹkan kan jáde. Mo kọ ọ́ pé òfin FCCPA ọdún 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò dára padà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ògiri. Mo fi rìsíìtì àti fọ́tò tì í: ibi tí mo ti fi èékánná ṣí bébà yẹn, tí déètì gidi yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹ̀dà kejì ń lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀gá wọn pè. Owó mílíìkì pé. Wọn ò san owó ọkọ̀.

Àwọn agolo yòókù tó lè wà ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ń ká mi lára, torí ọmọ ẹlòmíràn lè mu ún. Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má ju agolo tèmi nù, ẹ ṣeun. Nọ́ńbà NAFDAC àti batch number (nọ́ńbà àwọn ọjà tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ara rẹ̀ ni mo fi fi ẹjọ́ sun NAFDAC lọ́jọ́ Ajé. Ìyẹn nìkan ló kù.