Àbọ̀ ìbéèrè mi: ta ni yóò san owó-orí ilé tí a yá ní yàrá-yàrá?

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, àbọ̀ rèé. Yàrá kan ni mo yá nínú ilé oníyàrá márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ orúkọ èmi nìkan ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ sí ìwé council tax (owó-orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà) gbogbo ilé náà.

Ìmọ̀ràn tó yanjú rẹ̀ ni ti ẹni tó tọ́ka mi sí ìlànà ọdún 1992, èyí tó sọ pé bí ayálégbé kọ̀ọ̀kan bá gba apá tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ilé, tí wọn kì í sì í ṣe ìdílé kan náà, ọrùn onílé ni gbèsè náà wà. Mo fi ẹ̀dà ìwé àdéhùn mi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ “Yàrá 3” gàdàgbà sí ojú ewé kìíní. Kí oṣù méjì tí wọ́n ní láti fèsì tó pé, wọ́n ti yọ orúkọ mi, wọ́n sì fi ti onílé rọ́pò rẹ̀, nítorí náà n kò dé Valuation Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí council tax, rárá. Ọkàn mi balẹ̀ gidigidi.

Bíbá onílé sọ̀rọ̀ kò mú ohun púpọ̀ wá. Ọjọ́ tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan kó wọlé nìkan ló fún mi.

Ohun tó kù ni gbólóhùn inú àdéhùn pé ayálégbé ni yóò san council tax. Kò ní agbára lórí ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n onílé lè fi í béèrè owó lọ́wọ́ mi, mo sì ti gbé e lọ fún Citizens Advice, àjọ tó ń fúnni ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.